Etí Lára Igi Ìrù

Ìyá àgbà mi kì í jókòó lórí ohun tí a fi igi ṣe láìkọ́kọ́ kàn án wò. Ì báà jẹ́ àga, ì báà jẹ́ àpótí, ì báà jẹ́ ìjókòó inú ṣọ́ọ̀ṣì, á ká ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, á fi oríkèé rẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, á tẹ́tí sí i, kó tó fi ìdí lé e. Nígbà tí wọ́n gbé pósí rẹ̀ dé láti Atakpamé, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì méjì nínú àgbàlá, mo dúró tì í pẹ́. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni fún àgbàlagbà bíi tèmi, ṣùgbọ́n mo ń retí pé kí ẹnì kan kàn án wò fún un. Kò sẹ́ni tó kàn án. Èmi náà ò kàn án.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í léèrè ohun tó ń gbọ́ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú ni. Mo ní ṣé igi máa ń sọ̀rọ̀ ni. Ó gbá mi lórí lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú oríkèé ìka kan náà, ó tẹ́tí, ó mi orí bí ẹni tí ohun tó gbọ́ kò dùn mọ́ nínú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Igi kì í purọ́, Mẹ́nsà. Ẹni tó ń tẹ́tí sí i ló máa ń purọ́ fún ara rẹ̀."

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ẹ̀kọ́ nípa igi àti ewéko ni mo kà ní yunifásítì ní Lomé, nígbà tí àwa tí a ń lọ síbẹ̀ láti apá ọ̀dọ̀ wa kò tíì pọ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí à ń pè ní líísẹ̀ ní Atakpamé, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún ọ̀pọ̀ òkú, nítorí pé èmi ni wọ́n máa ń wá bá pé kí n kọ ọ́. Ti ìyá àgbà yìí ni mi ò lè kọ kí wọ́n tó sin ín. Katikísì ló sọ̀rọ̀ dípò mi. Ó ní obìnrin àdúrà ni, ó ní ó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ní ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí katikísì ti ń sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin méjì kan wà lẹ́yìn mi, ọ̀kan nínú wọn sì sọ sí èkejì létí pé, "Èèyàn rere ni o. Igi ìrù yẹn nìkan ló bà á lórúkọ jẹ́."

Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe mú pẹ́ẹ̀nì.

Ìrù ni iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní irú, tí a fi ń se ọbẹ̀. Abúlé wa wà ní apá Moretan, níbi tí igbó ti ń fẹ́ di ọ̀dàn, igi ìrù sì pọ̀ níbẹ̀. Ní agboolé wa, bí ìyàwó bá ti bí àkọ́bí, àwọn àgbà á mú un jáde, wọ́n á fi igi ìrù kan hàn án, wọ́n á ní òun ló ni ín. Ilẹ̀ tí igi wà kì í ṣe tirẹ̀. Igi ni wọ́n fún un. Òun ló ń ká èso rẹ̀ títí ọjọ́ ikú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi àáké kàn án láìgba ẹnu rẹ̀. Ìyá mi ni àkọ́bí ìyá àgbà, torí náà ọdún tí wọ́n bí ìyá mi ni wọ́n fún un ní tirẹ̀. Ó bọ́ sí i ní oríire, nítorí pé igi náà wà nínú àgbàlá gan-an, ó tóbi, ó sì fẹ̀ débi pé gbogbo obìnrin ilé lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ bẹ ẹ̀gẹ́ kí oòrùn má kan ẹnikẹ́ni.

Ó máa ń se èso yẹn láti òwúrọ̀ di alẹ́, á gún un, á fọ̀ ọ́, á tún un sè, á dì í pọ̀ sínú ewé di ọjọ́ kẹta. Òórùn rẹ̀ ló ń wà lára aṣọ mi tí mo fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. "Ọmọ ìrù" ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Owó ìrù yẹn sì ni mo fi kàwé. Àbùkù kan ṣoṣo tí ìrù rẹ̀ ní ni pé kì í fi iyọ̀ sí i tó, gbogbo ọjà Moretan ló sì mọ̀. Mo lè gbọ́ ohùn wọn títí di òní.

"Ìyá, ìrù yín dára, àmọ́ iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

"Ìrù ni mo ń tà."

"Ṣé iyọ̀ wọ́n ni, àbí ọwọ́ yín ló há?"

"Ọwọ́ mi kò há. Ahọ́n rẹ ló ti kú. Ọkọ rẹ ò sọ fún ọ?"

Àwọn tó wà nítòsí á rẹ́rìn-ín, oníbàárà náà á rẹ́rìn-ín, á sì rà á. Ìyá àgbà á wá di ìrù náà fún un, á sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń fi parí gbogbo ìjà iyọ̀: "Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀, kó lọ ra iyọ̀."

Ó yẹ kí n sọ nípa etí báyìí.

Ohun tí à ń pè ní olú ara igi nínú ìwé, etí ni ìyá àgbà ń pè é. Kì í ṣe olú rírọ̀ tí èèyàn lè fi se ọbẹ̀. Ó le bíi pákó. Ó máa ń yọ síta lára igi bíi pẹpẹ kékeré, òkè rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo ra, bèbè rẹ̀ funfun. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tó kéré ju ihò asẹ́ lọ. Ihò yẹn sì máa ń kọjú sí ilẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun pupa kan ti ń dà, tó fúyẹ́ ju àtíkè lọ, tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé lọ sára igi mìíràn. Ìyẹ̀fun yẹn ni irúgbìn rẹ̀. Nígbà òjò, a máa ń bá a lórí ewé, lórí ìdérí ìkòkò, àti lórí ẹ̀yìn adìẹ tó bá sùn sábẹ́ igi.

Kí n tó mọ ìwé kà ni ìyá àgbà ti kọ́ mi níbi tí mo ti lè rí i. Bí a bá ń lọ sí oko, á dúró lójijì, á nawọ́. Ibi tí ẹ̀ka ti ya. Ibi tí ẹnì kan ti fi àdá bu igi nígbà kan tí kò sì rántí mọ́. Ìdí igi tí iná ọ̀dàn ń jó lọ́dọọdún. Ẹ̀yìn igi tí oòrùn àárọ̀ kì í dé, tí ìrì ń pẹ́ níbẹ̀. Ó ní kì í gba ara tó dá wọlé, ojú ọgbẹ́ ló ń bá wọlé. Á mú ọwọ́ mi, á fi í sí òkè etí náà, kí n fi ìka ka òkìtì tó wà lára rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, nítorí pé òjò kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi ọ̀kan kún un. Bí ẹyẹ akókó bá ti gbẹ́ ihò sí igi kan, á ní ká wá etí lára rẹ̀, a sì máa ń rí i, nítorí pé akókó mọ igi tí inú rẹ̀ ti rọ̀. Oyin náà mọ̀ ọ́n. Kòkòrò dúdú kékeré kan mọ̀ ọ́n, tó ń gbé inú etí tó ti gbó. Mo bi í léèrè nígbà kan pé ọdún wo ni etí kan báyìí wọnú igi rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀. "Nígbà tí o bá fi rí etí níta," ló wí, "àlejò ti pẹ́ nínú ilé."

Kò kórìíra rẹ̀ o. Ó ń lò ó. Á ṣí èyí tó ti gbẹ kúrò lára igi tó ti ṣubú, á fi ẹyin iná sí àárín rẹ̀, iná náà á sì máa jó díẹ̀díẹ̀ láìní ọwọ́ iná, láti ilé títí dé oko, bí ó ti wù kí ọ̀nà jìn tó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé iná lọ sí oko kí ìṣáná tó di nǹkan tí gbogbo ilé ń rà. Á fi èyí tó kù sábẹ́ àga rẹ̀ kí èéfín rẹ̀ lé ẹ̀fọn. Ohun tó máa ń bí i nínú ni kí èèyàn máa fi etí tan ara rẹ̀ jẹ. Katikísì ìgbà yẹn, bàbá èyí tó sin ín, rí etí mẹ́ta lára igi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi àdá ṣí wọn, ó fi ẹfun kun ibẹ̀, ó sì kéde lẹ́yìn ìsìn pé igi ti gbádùn. Ìyá àgbà dìde láàrin àwọn obìnrin.

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo gé àrùn náà kúrò, Ìyá."

"Níbo ni àrùn náà wà?"

"Ibí yìí. Àbí ẹ ò rí i tẹ́lẹ̀ ni?"

Ìyá àgbà wò ó, ó wo igi. "Ẹ gé etí adití," ló wí, "ẹ ní ẹ ti wo adití sàn."

Ó ju oṣù mẹ́fà lọ kí katikísì tó kí i padà.

Mo ń yí ọ̀rọ̀ náà po. Mo mọ̀.

Nígbà tó ku ọdún kan kí n parí ẹ̀kọ́ mi, a ní láti kọ ìwé ìwádìí tí a fi ń gba oyè. Etí kan ti yọ lára igi ìrù ìyá àgbà, ní ìwọ̀n ìbàdí èèyàn sókè, ó ti ní òkìtì mélòó kan. Òun ni mo yàn. Mo wọ̀n ọ́n, mo ya àwòrán rẹ̀, mo gba ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú bébà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní ó dára, ṣùgbọ́n kí n tún wọ̀n ọ́n nígbà òjò ọdún kejì, kí a lè mọ bó ṣe dàgbà sí. Torí náà, nígbà tí mo tún wálé fún ìsinmi, ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju etí náà lọ. Mo sì bá ọkùnrin kan lábẹ́ igi tó ń pọ́n àáké.

Agégi láti Datcha ni. Ìyá àgbà ló ránṣẹ́ pè é. Ó ti kan igi náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó ti gbọ́ ohun tí kò fẹ́ gbọ́, ó sì ti sọ fún gbogbo agboolé pé òun máa gé e kí òjò tó le. Inú àwọn obìnrin kò dùn nítorí òjìji rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ni igi.

Mo tọ̀ ọ́ lọ nínú ilé ìdáná. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ fẹ́ gé igi."

"Mo fẹ́ gé e. Inú rẹ̀ ti lọ."

"Etí yẹn kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín."

"Ṣàlàyé, Mùsíyé." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń pe tíṣà wọn, tí mo bá ti Lomé dé, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Mo mú igi ìdáná kan tó nípọn, mo fi ojú ibi tí wọ́n ti gé e hàn án. Mo ní òde igi yìí ló ń mu omi, òde yìí ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Àárín rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́, bó ṣe rí fún gbogbo igi ńlá nìyẹn. Àárín tó ti kú yìí ni olú ń jẹ. Òkú ló ń jẹ, kì í fọwọ́ kan alààyè. Mo ní kó wo ewé igi náà bó ṣe tutù, kó wo èso rẹ̀ bó ṣe pọ̀. Mo ní ṣé bí igi tó ń kú ṣe ń rí nìyẹn.

Ó gba igi ìdáná náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí."

"Ìwé tí mo fi ìrù rà fún ọ?"

"Òun gan-an, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ bá agégi níta, mo sì gbọ́ tí ó ń sọ fún un pé kó jókòó jẹun kó tó máa lọ.

Ohun tí mo sọ fún un kì í ṣe irọ́. Òun ló burú jù níbẹ̀. Olú yẹn kì í pa igi lóòótọ́, àárín tó ti kú ló ń jẹ, igi á sì máa so èso lórí rẹ̀ títí. Ohun tí mi ò sọ ni pé àárín tó ti kú yẹn ló gbé igi dúró. Ìwé sọ ìyẹn náà. Ẹ̀yìn ojú ìwé kan náà ló wà. Mo ti kà á. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí igi náà dúró di ìgbà tí mo máa parí.

Ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sán ni, afẹ́fẹ́ kékeré tó máa ń ṣíwájú òjò ti ń fẹ́. Àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ti ń kó ẹrù wọlé. Ablá nìkan ló kù lábẹ́ igi, ó ní òun á parí èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ òun. Ìyàwó Kofí ni, Kofí sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá àgbà bí, arákùnrin ìyá mi, ẹni tí à ń pè ní Tọ́ntọ̀n. Inú yàrá ni mo wà, mo ń ya àwòrán etí. Nígbà tí igi náà wó, kò pariwo tó bí èèyàn ṣe lè rò. Ó dún bí ẹni tó já aṣọ tútù wálẹ̀ lórí okùn. Nígbà tí mo jáde, gbogbo àgbàlá mọ́lẹ̀ yòò, nítorí pé òjìji ti lọ. Kò sí nǹkan tí a lè ṣe fún Ablá. Igi náà ṣẹ́ níbi tí etí wà gan-an. Òde rẹ̀ tutù, ó ṣì ń jẹ omi. Inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi. Ìyẹ̀fun pupa bo ohun gbogbo, apẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ tó ti bẹ, ọwọ́ rẹ̀.

Títí di òní, bí eruku ọyẹ́ bá bà lé tábìlì mi ní Atakpamé, mi kì í lè fi ìka nù ún. Ọmọ mi ló ń bá mi nù ún.

Lẹ́yìn tí a sin Ablá, Bàbá Yàwó tó jẹ́ olórí agboolé pe ìpàdé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tọ́ntọ̀n Kofí dìde. Kò pariwo.

"Ìyá, agégi dé. Ó pọ́n àáké. Gbogbo wa la rí i. Ta ló ní kó máa lọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní inú igi ti lọ. Ẹ̀yin lẹ pè é. Kí ló yí yín lọ́kàn padà?"

Mo ti la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run búra pé mo ti la ẹnu. Ìyá àgbà kò wo Kofí. Èmi ló yí ojú sí.

"Mẹ́nsà, lọ pọn omi wá fún àwọn àgbà."

Omi wà nínú ìkòkò. Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ ló mọ̀ pé omi wà nínú ìkòkò. Mo gbé korobá, mo lọ. Mi ò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ ìdáhùn tó fún ọmọ rẹ̀.

"Ìrù ni mo wò," ló wí. "Èso rẹ̀ ọdún yìí pọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tẹ̀ lé e títí dé ibojì. Ó fi ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ ìrù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ní Moretan, obìnrin kan gbé ìrù rẹ̀ sókè, ó gbé e padà sílẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà di igbá rẹ̀, ó rìn padà sílé, kò sì na ọjà yẹn mọ́. Kò dẹ́kun ìrù ṣíṣe. Á ra èso díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin mìíràn, á ṣe èyí tí ilé máa jẹ. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi dá wọn lóhùn ní ọjà. Ó ní, "Ṣé kí n máa bá wọn jà nítorí iyọ̀ ni?"

A kì í fi igi tó pa èèyàn dáná ní ìlú wa. Torí náà wọ́n yí ìtì igi náà lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ní òjò tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà pè mí, ó ní kí n wá wò ó. Etí àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí igi ti dùbúlẹ̀, etí náà ti dúró lóróró bí àwo tí wọ́n fi ti ògiri. Ihò rẹ̀ kò kọjú sí ilẹ̀ mọ́. Láti bèbè rẹ̀ ni etí tuntun ti yọ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kọjú ihò tirẹ̀ sí ilẹ̀. Ìyá àgbà fi ìka rẹ̀ tẹ̀ lé ibi tó ti yí. "Wò ó," ló wí. "Bó ṣe wù kí o dà á sí, ó máa wá ilẹ̀ rí."

Mo wọ̀n ọ́n. Èmi ọmọ rẹ̀, mo mú rúlà jáde, mo wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní apá tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni èyí tí mo kọ nípa bí etí ṣe yí padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Tọ́ntọ̀n Kofí kó lọ sí Elavagnon. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó kàn án ní dandan láti wá kí ìyá rẹ̀ ní ọdún tuntun, ó sì ń wá, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Á mú búrẹ́dì àti sàdíìnì ti ara rẹ̀ wá, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, á jẹ ẹ́. Ìyá àgbà á gún iyán, á gbé e síwájú rẹ̀, á bò ó. Kofí á dúpẹ́, kò ní ṣí i. Bó bá lọ tán, ìyá àgbà á gbé oúnjẹ náà padà wọlé. Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lé ní ogójì ọdún. Bí ẹnì kan bá wo àwo náà, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ, pẹ̀lú ohùn tí kò yàtọ̀ rárá: "Ó ti jẹun lọ́nà."

Èmi ni Tọ́ntọ̀n ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá wá sí Atakpamé, ilé mi ló ń sùn. Òun ló bá mi wá ìyàwó, òun ló gbé àkọ́bí mi lọ ṣe ìrìbọmi. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń jẹun lórí tábìlì mi, oúnjẹ á sì di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Nígbà kan tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo gun ọ̀kadà zẹ́mí lọ sí abúlé, mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, mo ní kó jẹ́ kí n sọ fún un.

"Rárá."

"Ìyá, ọmọ yín ni. Ó yẹ kó mọ̀."

"Ta ló ń sọ fún mi bó ṣe wà? Ta ló sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dùn ún? Ta ló sọ fún mi pé ó ti kọ́lé?"

"Èmi ni."

"Ìwọ nìkan ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Bí o bá sọ fún un, kò ní bá ìwọ náà sọ̀rọ̀ mọ́." Ó kan igi àga tó jókòó lé, bí ìgbà tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. "Ta ló máa wá sọ fún mi pé ọmọ mi ṣì wà láàyè?"

Nǹkan tí kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó kéré tán, ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Ó sì rọrùn.

A sin ín ní Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn èrò ti túká. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ìtì igi yẹn kò sí mọ́, ó ti pẹ́ tí etí ti jẹ ẹ́ tán tí òun náà sì ti lọ. Ilẹ̀ dúdú gbọọrọ kan ló kù, tó rọ̀ lábẹ́ bàtà, tí ẹnikẹ́ni ò gbin nǹkan sí. Mo dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó ń béèrè pé ta ló máa sọ fún òun ti lọ. Mi ò ní àwáwí mọ́.

Tọ́ntọ̀n wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń tú búrẹ́dì.

"Tọ́ntọ̀n, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Sọ ọ́. Kí ló ń ṣe ọ́? Tíṣà líísẹ̀ tó ń gbọ̀n bí ọmọ tó fọ́ àwo."

Mo sọ ọ́. Mo sọ nípa igi ìdáná tí mo mú lọ́wọ́, ohun tí mo wí, ẹ̀yìn ojú ìwé tí mi ò kà fún un, ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ parí. Mi ò gé nǹkan kan kúrò. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fi búrẹ́dì náà padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ó so ó.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni."

"Kì í ṣe ìrù."

"Kì í ṣe ìrù. Kò fìgbà kan jẹ́ ìrù."

"O sì dákẹ́."

"Ìyá ló ní kí n má sọ."

"Ó ní kí o má sọ, o sì gbọ́." Ó mi orí. "Ìgbọràn rẹ pọ̀ gan-an."

Ó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, mo na ọwọ́, kò dì í mú. Ó wọ ilé ìdáná ìyá rẹ̀, mo tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà. Ohun gbogbo ṣì wà bí ìyá àgbà ṣe fi í sílẹ̀. Ìkòkò ìrù tó ṣe kẹ́yìn wà lórí pẹpẹ, ó fi ewé bò ó. Tọ́ntọ̀n ṣí ewé náà. Ó bu ìrù tútù tó tó ẹyin adìẹ, ó fi sí ẹnu, bẹ́ẹ̀, láìsè, láìní oúnjẹ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ló wí.

Ó tún bu òmíràn. Èjìká rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kò sì yí ojú padà.

"Mẹ́nsà," ló wí, "lọ pọn omi wá."

Omi wà nínú ìkòkò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé korobá, mo lọ.